Ojú Ló Ń Mọ Bí Okùn Ṣe Le Tó

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣiṣẹ́ abẹ kíndìnrín, rírán ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí gígé kókó jẹjẹrẹ kúrò kì í dẹ́rù bani tó dídí ojú ibi tí a gé.

Ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ló ń yí ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ikùn, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí okùn ṣe ń fa ẹran. (Rọ́bọ́ọ̀tì Da Vinci 5 tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2024 ti ní irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kọ́wọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ má dúró dè é.) Kíndìnrín sì rọ̀. Okùn tó bá le jù á là á wọlé ni, bí ẹlẹ́yin ṣe ń fi òwú gé ẹyin sísè. Nítorí náà, awọ tó bò ó ni kẹ́ ẹ máa wò: tó bá ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ lábẹ́ klíìpù, ìyẹn ohun kékeré tó ń há okùn kó má tú, ó tó. Tó bá ń funfun, ẹ ti fà á jù.

Ọ̀nà klíìpù tó ń yọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí dókítà abẹ Benway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní 2009. A ò ní máa ta kókó sórí kíndìnrín mọ́. Klíìpù oníke tí wọ́n ń pè ní Hem-o-lok la máa fi há okùn, a ó fi ẹnu irinṣẹ́ tì í lọ títí á fi kan awọ, a ó sì fa okùn sókè gbọnrangandan. Ẹ má fà á sí ẹ̀gbẹ́ o, ibẹ̀ ló ti máa ń ya.

Ìṣẹ́jú 25 ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ṣe òdiwọ̀n àkókò tí ẹ̀jẹ̀ ò ní dé kíndìnrín. Kẹ́ ẹ tó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa, kí gbogbo okùn ti wà ní gígé, kí klíìpù ti wà nídìí wọn. Okùn 3-0 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí okùn ṣe nípọn tó) lẹ máa fi rán inú ojú ibi tí a gé. Tẹ́ ẹ bá ti rán an tán, ẹ tú iṣan náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rán òde. Ibi tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ á fi ara rẹ̀ hàn. Òde yìí, ẹ má rán an jìn, ẹran tó dáa lẹ ń pa.

Tí rọ́bọ́ọ̀tì ò bá sí lọ́dọ̀ yín, ẹ lọ ra kíndìnrín tẹ́ ẹ máa fi dánra wò lọ́wọ́ alápatà ní Mùṣín. Ẹ má ra ti màlúù, ó pín sí kúlúkúlú. Ti àgbò ló tẹ́jú. Ẹ kàn sọ fún un pé kó bá yín yọ ọ̀rá, kó má bó awọ, torí awọ yẹn ni klíìpù máa fara tì.