Tí ẹ bá dé Liberty Station, ọkọ̀ tí kò mọ omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò láti ilé ní San Diego, tí ẹ bá fẹ́ mú wọn lọ sí Liberty Station, ibùdó ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi nígbà kan rí, ẹ má tìí yà sí ọjà oúnjẹ. Oúnjẹ ò sá lọ, owó rẹ̀ náà ò sì kéré. Ibi USS Recruit ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Lójú, ọkọ̀ ogun ni. Àmọ́ orí ilẹ̀ ni wọ́n kàn án sí ní 1949, pákó àti páànù irin ni wọ́n fi ṣe é, kò sì fẹsẹ̀ kan omi rí. Orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ojú omi tuntun ti ń kọ́ okùn síso, ọ̀nà ṣíṣọ́ àti bí wọ́n ṣe ń jẹ́ àṣẹ. Àwọn fúnra wọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Neversail. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín o. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò rí òkun rí, níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ibẹ̀ ni ẹ ti máa sọ ìtàn fún wọn. Àwọn ará San Diego ló fi ilẹ̀ tọrẹ kí ibùdó náà lè tọ̀ wọ́n wá láti San Francisco, Franklin Roosevelt, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, sì wà lára àwọn tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, nígbà tó ṣì jẹ́ igbá kejì mínísítà ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n ṣí i ní 1923, wọ́n tì í pa ní 1997.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ilé àtijọ́ máa ń pẹ́ tí iṣẹ́ tuntun bá bá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ mu. Ẹ wo bárékè wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wọn: àwọn ayàwòrán àti oníjó ti gba yàrá níbẹ̀, ẹni tó ń kọjá sì lè dúró wò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ High Tech High náà wọlé ní 2000. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dá sí ṣá. Wọ́n wó àwọn kan, wọ́n kọ́ ilé gbígbé àti òtẹ́ẹ̀lì sípò wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ ya fídíò, ẹ máa dúró kí bàálù kọjá ná. Pápákọ̀ òfurufú wà nítòsí, ariwo rẹ̀ á gbé ohùn yín mì.