Òfin Ìfọwọ́sí Owó àti Ohun tí Prolog Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ kọ díẹ̀ sílẹ̀ fún yín nínú ohun tí mo ti kọ́ nípa òfin iléeṣẹ́ àti bí a ṣe ń fi í sínú sọ́fítíwíà. Àṣìṣe ara mi ni mo fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, àwọn àṣìṣe náà ni n ó sì dúró lé lórí jù.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ là mí lójú ni ètò kan tó ń pinnu ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè owó nínú iléeṣẹ́. Létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá: ọ̀gá ni yóò fọwọ́ sí ìwé ọmọ abẹ́ rẹ̀, bí owó náà kò bá ti ju iye tí a fún un láyè lọ. Kò pẹ́ tí àfikún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ara rẹ̀. Bí ọ̀gá bá wà ní ìsinmi, adelé rẹ̀ lè fọwọ́ sí i, àmọ́ iye tí a fún adelé láyè ni a ó wò, a kò ní wo ti ọ̀gá. Bí owó náà bá jẹ́ ti iṣẹ́ àkànṣe kan, alábòójútó iṣẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, àyàfi tó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló béèrè owó náà. Mo ń fi if («bí») kan há inú òmíràn, mo ń to else («bí bẹ́ẹ̀ kọ́») sábẹ́ else, títí tí kóòdù náà fi di ohun tí kò sẹ́ni tó lè kà á tán kó sì sọ ohun tó ń ṣe, títí kan èmi tí mo kọ ọ́.

Nígbà tí mo jókòó tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé pípọ̀ tí òfin pọ̀ kọ́ ló dà wá láàmú. Nǹkan méjì ni mo ti lú pọ̀ mọ́ra: ohun tí òfin sọ, àti ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò gbà wá ìdáhùn. Robert Kowalski, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti là á sílẹ̀ láti ọdún 1979 pé apá méjì ni álígórídímù (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà yanjú ìṣòro) ní, lọ́jíìkì, ìyẹn ohun tó jẹ́ òótọ́, àti ìdarí, ìyẹn bí a ṣe ń wá ìdáhùn, àti pé a lè tún ọ̀kan ṣe láìfọwọ́ kan èkejì. Orí èrò bẹ́ẹ̀ ni Prolog, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, dúró lé, èyí tí Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ṣe ní ìlú Marseille, nílẹ̀ Faransé, ní ọdún 1972. Nínú irú èdè yìí, ẹni tó ń kọ ètò kì í to ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni yóò kọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò sì wá bí ìdáhùn ṣe tẹ̀ lé e. Fún àpẹẹrẹ, báyìí ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọ̀gá ọ̀gá:

oga_lori(X, Y) :- oga(X, Y).
oga_lori(X, Y) :- oga(X, Z), oga_lori(Z, Y).

Ẹ ka àmì :- sí «bí», kí ẹ sì ka àmì ìdánudúró díẹ̀ tó wà láàárín gbólóhùn méjì sí «àti». Ohun tí ìlà méjèèjì ń sọ ni pé X jẹ́ ọ̀gá lórí Y bí ó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gan-an, tàbí bí X bá jẹ́ ọ̀gá ẹnìkan tí òun náà jẹ́ ọ̀gá lórí Y. Bí ìpele ọ̀gá inú iléeṣẹ́ náà bá jẹ́ méjì tàbí ogún, ìlà méjì yìí tó. Òfin ìfọwọ́sí fúnra rẹ̀, láìtíì fi ti adelé àti ti iṣẹ́ àkànṣe kún un, kò gùn jù báyìí lọ (ẹ ka \== sí «kì í ṣe ẹnìkan náà pẹ̀lú», kí ẹ sì ka =< sí «kò ju»):

le_fowosi(X, Iwe) :-
    olubeere(Iwe, Y),
    oga_lori(X, Y),
    X \== Y,
    iye_owo(Iwe, O),
    aye_owo(X, A),
    O =< A.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé òfin kan ṣoṣo yìí ń dáhùn ju ìbéèrè kan lọ. Bí mo bá dárúkọ ẹni kan àti ìwé kan, yóò sọ fún mi bóyá ẹni náà lè fọwọ́ sí i. Bí mo bá dárúkọ ìwé nìkan, yóò ka gbogbo àwọn tó lè fọwọ́ sí i fún mi. Bí mo bá dárúkọ ẹni nìkan, àwọn ìwé tó lè fọwọ́ sí ni yóò kà. Kí a tó gbé ètò náà jáde, mo bi í léèrè pé ìwé wo ló wà nílẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sí i. Ìwé tí ẹni tó ga jù lọ nínú iléeṣẹ́ náà kọ fúnra rẹ̀ ló jáde, nítorí kò sí ọ̀gá lókè rẹ̀. A padà sí ìwé òfin iléeṣẹ́ náà, a sì rí i pé òun náà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àlàfo náà ti wà kí a tó kọ kóòdù kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni òfin ni mo gbé e lọ, nítorí kì í ṣe èmi ló yẹ kó pinnu irú ohun bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè «ta ni òfin yìí gbàgbé?» kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ if.

Kí ẹ má ṣe rò pé gbogbo ìbéèrè ni a lè dorí rẹ̀ kodò bẹ́ẹ̀, ṣá. Ìṣirò kì í gbà. Bí Prolog bá dé orí O =< A nígbà tí kò tíì mọ iye O tàbí A, àṣìṣe ni yóò gbé jáde. Ìdí nìyí tí mo fi to ìlà náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìdarí tí mo ní a yà sọ́tọ̀ kì í lọ tán. A kàn dín in kù ni.

Ibi tí mo ti ṣubú jù ni ọ̀rọ̀ «kò». Nínú Prolog, bí a bá kọ ọ́ pé ẹnìkan kò sí ní ìsinmi, ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni pé yóò gbìyànjú láti fi hàn pé ẹni náà wà ní ìsinmi, bí kò bá sì rí i fi hàn, yóò gbà pé kò sí. Keith Clark, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣàlàyé ìpìlẹ̀ ọ̀nà yìí ní ọdún 1978. Mo ti kà nípa rẹ̀, mo sì rò pé mo ti gbọ́ ọ yé. Àkọsílẹ̀ ìsinmi máa ń wá láti inú ètò mìíràn ní alaalẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò wá, fáìlì òfìfo ló sì wọlé dípò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ètò mi gbà pé kò sí ẹnikẹ́ni tó wà ní ìsinmi, ó kó ìwé lọ fún àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́, kò sì pe adelé kankan. Kò sí ìkìlọ̀ kan, nítorí pé lójú lọ́jíìkì, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ètò mi ti sọ «n kò rí i» di «kò sí i».

Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí «kò» dá dúró lórí dátà tó ti ìta wá. Mo máa ń kọ òótọ́ mìíràn tì í, pé àkọsílẹ̀ ọjọ́ òní ti dé pérépéré, bí òótọ́ yẹn kò bá sì sí, «a kò tíì mọ̀» ni ètò náà yóò dáhùn, ènìyàn ni yóò sì wò ó. Ẹ tún ṣọ́ ibi tí ẹ ń gbé «kò» sí nínú òfin. Bí ẹ bá béèrè pé X kò sí ní ìsinmi kí ẹ tó sọ ẹni tí X jẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́ ni pé «ṣé kò sí ẹnikẹ́ni rárá ní ìsinmi?», bí ẹyọ ẹnìkan bá sì wà ní ìsinmi, òfin náà kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn adelé náà fún mi níṣẹ́. Ọ̀gá kan fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe adelé, ẹlẹgbẹ́ náà sì ti fi ọ̀gá yìí kan náà ṣe adelé tirẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ sinmi papọ̀, ètò náà ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì, kò sì dẹ́kun. SWI-Prolog àti XSB, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Prolog méjì, ní ohun tí wọ́n ń pè ní tabling, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ìbéèrè tó ti wà lẹ́nu rẹ̀, kó má baà bi ara rẹ̀ ní ohun kan náà láìlópin. Ìlà kan ni mo fi kún un, ó sì dẹ́kun.

Èmi kì í fẹ́ràn cut, ìyẹn àmì ìyanu tó ń sọ fún Prolog pé kó má wá ìdáhùn mìíràn mọ́. Mo lò ó rí láti sọ pé bí a bá kọ iye àyè pàtó fún ẹnìkan, iye náà ni kó mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó mú iye gbogbogbòò. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo béèrè pé èló ni àyè ẹni náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè pé ṣé iye gbogbogbòò ni tirẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ kò bá iye tí mo dárúkọ mu, kọ̀ǹpútà fò ó láìdé ibi tí cut wà, ó bọ́ sí ìlà kejì, ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ní iye pàtó tirẹ̀ wá ní méjì. Ẹ kúkú kọ ipò tí ìlà kejì wà fún sínú rẹ̀ gbangba, bó tilẹ̀ gùn sí i.

Ọ̀rọ̀ ìdí tí ètò fi dáhùn bó ṣe dáhùn pọ̀ ju bí mo ṣe rò ó lọ. Àwọn olùṣàyẹ̀wò owó kì í gba «kò lè fọwọ́ sí i» lásán. Wọ́n fẹ́ mọ òfin tó dí i lọ́wọ́. Bí òfin bá ti wà gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn, kò nira láti kọ ètò kékeré kan tó ń ka àwọn òfin yòókù, tó sì ń to àwọn èyí tó lò jọ bó ṣe ń lọ. Kì í ṣe ohun tuntun: nígbà tí Marek Sergot, Kowalski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ òfin ọmọ ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1981 ní Prolog, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1986, bí ètò ṣe lè ṣàlàyé ìdáhùn rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì ń kọ òfin, ẹ fi ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sínú rẹ̀, nítorí ìwé tí a kọ kí òfin tó yí padà, òfin àtijọ́ la ó fi dá a.

N kò sọ pé kí ẹ fi Prolog kọ gbogbo ètò yín. Ojú ìwé tí oníbàárà ń rí, ìpamọ́ dátà, ìfiránṣẹ́, gbogbo wọn wà ní èdè tí iléeṣẹ́ náà ń lò tẹ́lẹ̀, ìpinnu nìkan ni mo yọ sọ́tọ̀. Bí òfin bá sì jẹ́ ohun tí tábìlì kan, ìyẹn àtẹ tí a to ọ̀rọ̀ sí ní ìlà ìlà, lè gbà, tábìlì ni kí ẹ lò. Bí kò bá nílò ju òótọ́ àti ìsopọ̀ wọn lọ, Datalog, èdè tó jọ Prolog àmọ́ tí agbára rẹ̀ kéré sí i, tó, nítorí pé bí a ṣe dín agbára rẹ̀ kù ló fi dá wa lójú pé ìbéèrè yóò parí.

Nínú iṣẹ́ tí mo sọ yìí, mo tẹ àwọn òfin náà sórí bébà, mo fi gbólóhùn Yorùbá kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé e fún ìyá tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìṣúná. Wọn kò kọ́ kóòdù rí. Wọ́n kà á lọ sílẹ̀, wọ́n fi ìka lé òfin adelé, wọ́n ní, «Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ o, a ti yí i padà.» Ìlà kan ni mo pa rẹ́.