Nígbà tí iná pupa tàn

Aago ìkìlọ̀ dún lánàá, inú yàrá ìwádìí gan-an ni mo sì wà. Yàrá ìpele 4 ni, ìyẹn ìpele ààbò tó ga jù lọ, níbi tá a ti ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò àrùn bí Ebola. Ńṣe la mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí agbára afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ kéré sí ti ìta, kó lè jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá tiẹ̀ ṣí, afẹ́fẹ́ á máa wọlé ni, kò ní jáde. Iná pupa wá ń sọ pé agbára yẹn ti ń yí padà.

Àyà mi já. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ o, ẹ má rẹ́rìn-ín! Ariwo afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ sínú aṣọ ààbò wa kì í jẹ́ ká gbọ́ra, ọwọ́ ni mo fi júwe fún ẹnìkejì mi: dé ìgò, tọ́jú ẹ̀, ó yá. A ò sáré. Ẹni tó bá sáré níbẹ̀ lè fa ìbọ̀wọ́ ya. Ìwẹ̀ oògùn apakòkòrò ló kàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó gùn bí ọdún.

Àṣé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ò yí padà rárá. Síbẹ̀, ojú ewé 6 ni ìròyìn tí mo kọ.