Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ Ayurveda, àti ohun tí mo kọ̀, nígbà tí moyamoya mú ọmọ mi

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ SS nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Gbogbo wa la mọ̀ pé fòníkú-fọ̀ladìde máa ń fa egungun ríro àti àìtó ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ó lè ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí jẹ́. Iṣan ńlá tó ń gba ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á máa fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ara á wá máa hu àwọn iṣan tín-tìn-tín láti fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í lágbára. Wọ́n lè dí, wọ́n sì lè bẹ́. Moyamoya nìyẹn. Suzuki àti Takaku, dókítà méjì ní Japan, ló fún un lórúkọ ní 1969. Lọ́dọ̀ wọn, ó máa ń mú ẹni tí kò ní SS rárá.

Apá òsì ọmọ mi ló kọ́kọ́ ń kú. Á kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún jí. Bó bá sunkún gidi ló máa ń ṣẹlẹ̀. Bengaluru ní India la gbé e lọ. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un: iṣan kan tó wà lábẹ́ awọ orí ni wọ́n tẹ́ lé ọpọlọ, kí iṣan tuntun lè máa hù láti ibẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí èyí tó múlẹ̀. Ìgbà tí à ń dúró yẹn ni mo bá baba kan pàdé, oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ India. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ ni mo ń sọ o. Ní India, ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ kí wọ́n tó gboyè.

Ó ní nínú Charaka Samhita, ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, Vata ni agbára tó ń mú ara rìn, tó ń mú ọwọ́ gbé nǹkan. Ohun méjì ló ń dà á rú: kí ara gbẹ kó sì ṣófo, tàbí kí ọ̀nà rẹ̀ dí. Ó ní, “Amma (ìyẹn ìyá), ọmọ yìí ní méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tán, ọ̀nà orí rẹ̀ sì dí.”

Kò sí moyamoya nínú ìwé Charaka, Ayurveda kò sì lè la iṣan tó ti dí. Iṣẹ́ abẹ ló ń wá ọ̀nà míì fún ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo gbà lọ́wọ́ baba yẹn ni mo fi ṣe asẹ́ fún gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí n fún ọmọ mi: ṣé èyí á gbẹ ẹ́ lára, àbí á dí i lọ́nà?

Asẹ́ yìí kan náà ló jẹ́ kí n kọ púpọ̀ nínú Ayurveda. Ìwé Charaka ní kí wọ́n fi òróró pa ẹni tí apá kan ara rẹ̀ kú, kí wọ́n mú un làágùn, kí wọ́n sì fún un ní oògùn tó ń fọ inú. Bí omi bá tán lára ẹni tó ní moyamoya, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ á tún dín kù. Bó bá tún ní SS, ìnira míì tún lè bẹ̀rẹ̀. Baba yẹn fúnra rẹ̀ gbà pé wọn kì í fọ inú ẹni tí ara rẹ̀ ti ṣófo. Màmá mi pè láti ilé: “Ṣé wọn ò ní fún un ní nǹkan tó máa fọ inú rẹ̀ ni?” Mo ní, “Rárá o, Mọ́mì, ẹ má bínú.” Àgbo jẹ̀dí náà kò kọjá asẹ́ yẹn.

Èyí tó le jù ni ti mímí. Àwọn olùkọ́ yoga máa ń kọ́ni ní kapalabhati, kí èèyàn máa tú èémí jáde fì-fì-fì láti imú. Bí a bá mí kíákíá bẹ́ẹ̀, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, iṣan ọpọlọ á sì fún pọ̀. Èmi àti ẹ̀yin lè fara dà á. Ọmọ tó ní moyamoya lè ní rọpárọsẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹkún fi ń mú apá rẹ̀ kú, ìdí nìyí tí a kò fi jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn sí oúnjẹ gbígbóná. Bí mo bá po ẹ̀kọ, abọ́ kan ni mo ti máa ń dà á sí èkejì, tí màá tún dà á padà, títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó gbé e fún un.

Oògùn tí wọ́n fi irin ṣe, tí wọ́n ń pè ní rasa, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n yẹ oògùn Ayurveda 70 wò láti àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà. Òjé, mercury tàbí arsenic, tó jẹ́ májèlé, wà nínú 14. Bí ọmọ yín bá sì ń lo aspirin, ẹ má fi oògùn oníhóró tí wọ́n fi ata ilẹ̀ pupa tàbí ááyù ṣe kún un láìbi dókítà, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà.

Ohun tí mo gbà ni oorun àti oúnjẹ lásìkò kan náà lójoojúmọ́, omi lóòrèkóòrè, àti òróró yànmọ̀tí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí mo fi ń pa á lápá láti èjìká dé ìka kó tó ṣe eré ìdárayá tí àwọn oní-physiotherapy fún un. N kì í fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀.

Ọmọ SS tó wà láàárín ọdún 2 sí 16, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ Doppler wo orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò ní abẹ́rẹ́, kò dunni. Bí eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá níbẹ̀ bá tó sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, yálà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà sí i lára tàbí oògùn tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea. Bó bá sì ti ní moyamoya, ọjọ́ tó bá ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, ẹ gbé e lọ gba omi sára lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ orúkọ àrùn náà fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó jókòó.