Bí màmá mi ṣe dé orí òkè Niesen

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí orúnkún ọ̀tún ti ń yọ màmá mi lẹ́nu. Ní Abẹ́òkúta, bí àlejò bá ní kí a lọ wo Olúmọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn á gòkè lọ, wọ́n á máa juwọ́ sí wọn látòkè. Nígbà tí wọ́n wá kí wa ní Bern, ní Switzerland, lóṣù tó kọjá, a wà nínú rélùwéè tó ń lọ sí Thun nígbà tí wọ́n rí òkè kan tó ṣe ṣóńṣó lókèèrè. Wọ́n ní, "Ta ní ń dé orí ìyẹn?" Mo ní, "Màámi, àwa náà máa débẹ̀." Wọ́n rò pé mò ń fi wọ́n ṣeré ni.

Niesen lorúkọ òkè náà, mítà 2,362 ni gíga rẹ̀. Ayàwòrán Paul Klee yà á ní 1915, igun mẹ́ta aláwọ̀ búlúù gedegbe, bó sì ṣe rí láti ọ̀nà jíjìn náà nìyẹn. A gba Spiez dé Mülenen, abúlé kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tí okùn ń fà ti ń gbéra. Láti 1910 ló ti ń ṣiṣẹ́. Inú ọkọ̀ náà rí bí àtẹ̀gùn, ìjókòó kan ga ju èkejì lọ, kí èèyàn lè jókòó dáadáa bí ọ̀nà tilẹ̀ dàgẹ̀rẹ́.

Màmá mi kò wo ìjókòó. Okùn irin ni wọ́n ń wò. "Ṣé èyí nìkan ló máa fà wá?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọkọ̀ méjì ló wà lórí okùn kan náà, ẹ̀rọ tó ń yí i sì wà lókè. Bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì á máa sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo èyí tó ń bọ̀ nílẹ̀ á sì máa bá ẹ̀rọ gbé èyí tó ń lọ. "Bíi garawa méjì lórí kànga kan," ni wọ́n wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo fi kún un pé ọkọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀ tó máa di ojú irin mú bí okùn bá já. Wọ́n wọlé, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, àfi ní agbedeméjì tó ti pín sí méjì kí àwọn ọkọ̀ lè yà fún ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń yí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní apá kan ní etí méjì tó há irin mọ́ àárín, ti apá kejì sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Apá òsì ni ọkọ̀ kan ti ní elétí, apá ọ̀tún ni ti èkejì, nítorí náà kálukú ń tẹ̀lé irin tirẹ̀. Láti 1910! Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí iṣẹ́ ọpọlọ báyìí.

Níbi tó ti dàgẹ̀rẹ́ jù, bí ọkọ̀ bá lọ síwájú ní mítà 100, á ti fi 68 gòkè. Àtẹ̀gùn kan bá ojú irin náà rìn dé òkè, 11,674 ni. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ni; ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn sárésáré máa ń gbà á. Màmá mi wo àtẹ̀gùn náà títí, wọ́n sì ń fọwọ́ ra orúnkún wọn.

Ní Schwandegg, ibùdókọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà, a bọ́ sínú ọkọ̀ kejì, okùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ìkúukùu ti bò wá. A kò rí ohunkóhun mọ́ lójú fèrèsé. Màmá mi ń kọ orin lábẹ́ èémí, títí oòrùn fi là lójijì.

Ibùdókọ̀ òkè kò dé góńgó òkè gan-an. Ó ku mítà 26 ní gíga, ẹsẹ̀ la sì máa fi rìn ín. Wọn kò jẹ́ kí n fà wọ́n. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ òsì, wọ́n á fa ọ̀tún tẹ̀lé e, wọ́n á dúró mí. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú 30.

Ìkúukùu ti kúrò lójú adágún Thun. Etí rẹ̀ dà bí ewé, àárín rẹ̀ búlúù. Kí màmá mi tó máa ta àdìrẹ ní Ìtokú, wọ́n ti rẹ ẹ́ fúnra wọn rí. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló ń ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n ní, "Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sára ni."

Mo yọ fóònù láti ya wọ́n ní fọ́tò. Wọ́n tún gèlè ṣe.

"Sún sẹ́yìn díẹ̀," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí orúnkún mi hàn."