Ajá Tí Kò Jẹun, Nílé àti Níbí

Mo pe ilé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé fóònù, wọ́n sì bi mí pé ṣé kò sí o, ohùn mi kò dùn. Mo ní ajá mi ni, pé láti àná ni kò ti jẹun. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rò ó fún àwọn tó wà nítòsí wọn pé, "Ẹ wá gbọ́ o, ajá ló ń kọ oúnjẹ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún!" Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ayé ti dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn jù. Jẹ́ kí ebi pa á, á jẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lójú wọn, ẹni tó bá ráyè da ara rẹ̀ láàmú nítorí ajá, kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà láyé mọ́.

Mo mọ bí ti ilé ṣe rí, àwa náà sin ajá. Ojú pọ̀ lára rẹ̀. Bí kò bá jẹ lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹlòmíràn á ní òun rí i tó ń jẹ nǹkan lẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Níbí, èmi nìkan ni mò ń wọn oúnjẹ fún Dúdú, ajá mi, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá ṣẹ́kù, èmi náà ni màá dà á nù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Àgbà ajá tí ara rẹ̀ le lè fo oúnjẹ ọjọ́ kan, bó bá ṣáà ń mu omi tó sì ń sáré kiri. (Ọmọ ajá kò ṣe é dúró wò bẹ́ẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń bì tàbí tó ní àtọ̀gbẹ.) Mo gbé abọ́ sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo gbé e kúrò, kó má baà máa fi oúnjẹ ṣeré. Mo dáwọ́ ìpápánu dúró, nítorí kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Mo fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè wò, ó padà sáyè rẹ̀ kíá, mo fi mọ̀ pé omi ò tíì gbẹ lára rẹ̀. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin oúnjẹ náà kó lè ta sánsán, torí imú ni ajá fi ń jẹun kó tó fi ẹnu jẹ ẹ́.

Ó wá. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mú hóró kan, ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan, hóró náà sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú itọ́. Ó wò mí, ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti gbọgbẹ́. Mo ní ìdáwà ló ń ṣe é. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó dé, kò sì sí ẹ̀dá kankan tó máa bá a sọ̀rọ̀ láàárín méjèèjì. Mo mọ àìlèjẹun yẹn dáadáa. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi níbí, màá se oúnjẹ, màá bù ú, màá jókòó tì í, màá sì tún dé e padà. Kì í ṣe pé kò dùn. Òkèlè kan á pẹ́ lọ́wọ́ mi títí á fi tutù, nítorí n kò jẹun lémi nìkan rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ohùn tí mo máa ń gbọ́ nínú ilé ni ti fíríìjì. Ìdí tí mo fi gba Dúdú nìyẹn, kó lè sí ẹni tó máa dìde bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, oúnjẹ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ní kó dárí jì mí pé mo mú un wá sínú ilé tí kò sí èèyàn. Ó lá ọwọ́ mi. Kò jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Ṣé ó ń wá sídìí abọ́, àbí kì í wá rárá?" Mo ní ó ń wá. Ó ní ajá tí oúnjẹ kò wù kì í sábà sún mọ́ abọ́. Èyí tó wá, tó mú un, tó tún jẹ́ kó bọ́, ẹnu rẹ̀ ni ká wò. Ó gbé ètè Dúdú sókè. Nínú eyín 42 tí ajá máa ń ní, ńlá tó wà lókè lápá òsì, èyí tí wọ́n fi ń gé egungun, ti là, ìdí rẹ̀ sì ti wú. Ó bi mí bóyá mo ń fún un ní egungun líle.

Mo ń fún un. Àràárọ̀ ni mo ń fún un kí n tó jáde, kó lè rí nǹkan bá ṣeré títí màá fi dé.

Wọ́n kùn ún lóorun, wọ́n yọ eyín náà. Oúnjẹ rírọ̀ ló jẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ká ní ilé la wà, mi ò ní fi egungun ṣe alábàárò fún ajá, èèyàn á kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èèyàn yẹn, ta ni ì bá gbé ètè rẹ̀ sókè? Èmi náà kò gbé ètè ajá kankan sókè rí nígbà tí mo wà nílé. Àìsí ẹlòmíràn níbí ló sọ mí dẹni tó ń wòye. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n máa bọ̀ wálé, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́.

Dúdú ti ń jẹun báyìí, àfi pé kò ní fẹnu kàn án tí n kò bá jókòó. Nítorí náà, mo ń bu tèmi lásìkò kan náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún pè, wọ́n gbọ́ ìró abọ́, wọ́n ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Mo ní Dúdú ni, pé à ń jẹun. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá ó ti ń fi apá òsì rún un.