Sílò tó kọ̀ tí ò wálẹ̀ ní Ìkùn-Èkìtì

Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú sínú dáàmù lójú mi ní Sátidé tó kọjá. Ó ti tú okùn ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó sì fa jíà síwájú. Àtìgbà tó ti ṣáná ni ẹ́ńjìnì yẹn ti ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tó rí ọ̀bẹ. Gbàù! Ọkọ̀ fò síwájú, apẹ̀rẹ̀ ẹja dojú dé, ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja.

“Ṣé o ti rí i báyìí?” Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó padà sí etí omi. “Ohun tí mo torí ẹ̀ pè ọ́ nìyẹn.”

Adó ni mo ń gbé, jẹnẹrétọ̀ sì ni mo ń tún ṣe. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe iṣẹ́ mi rárá, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó bá ti ní púlọ́ọ̀gì, tèmi ni. Mo wọ mọ́tò láàárọ̀, a gba Ìwòrókò, Ìfàkì àti Ìdó dé Ọ̀tùn, mo wá gun ọ̀kadà wọ Ìkùn. Òkè ni gbogbo ayé mọ Èkìtì mọ́. Ẹni tó bá tiẹ̀ gbọ́ orúkọ Ìkùn rí, màálù oníwàrà ló máa bá ọ sọ. Ṣùgbọ́n omi dáàmù odò Èrò wà níbẹ̀, ó tẹ́ lọ rẹrẹ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ lọ sí àwọn ìlú, inú rẹ̀ náà sì ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń pa àrọ̀ àti epìyà.

Àlòkù alágbára ẹṣin 15 ni ẹ́ńjìnì náà, Ìgbókòdá ló ti rà á. Irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ni, púlọ́ọ̀gì méjì, kábúrétọ̀ kan tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Bí irú rẹ̀ bá ti gbóná tán, téèyàn ò fa tọ́tù tó ń fún un ní eré, nǹkan bí ìgbà 800 sí 1,000 ló yẹ kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan; ìyẹn là ń pè ní sílò. Mi ò ní ohun tí mo lè fi kà á, àmọ́ etí mi sọ fún mi pé tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Eré yẹn ò sì dára fún jíà. Eyín irin ló ń kọ́ ara wọn nínú lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ń pàdé tipátipá báyẹn lójoojúmọ́, wọ́n á jẹ ara wọn títí jíà ò fi ní í dúró mọ́.

Mẹkáníìkì kan ló fọ kábúrétọ̀ náà lóṣù tó kọjá. Látọjọ́ náà ni.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe lèmi náà kọ́kọ́ ṣe: mo fa sukudiráífà yọ, ó di ìdí sukúrúù sílò, èyí tó ń ti tọ́tù kó má bàa pa tán. Mo tú u, mo tún tú u, ohùn ò yí. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, orí sukúrúù ò tiẹ̀ kan ohun tó yẹ kó tì mọ́. Èékánná mi gba àárín wọn. Àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú mi ti tú u kọjá ibi tó lè ṣe nǹkan kan. Mo yọ kébù tọ́tù, bóyá òun ló ń fà á sókè. Mo fọwọ́ ti tọ́tù pa pátápátá. Pàbó. Ṣóòkì, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, náà ò há.

Mo pa á, mo tú púlọ́ọ̀gì. Ẹnu wọn funfun bí eérú. Ìyẹn ló já mi láyà, torí ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo níbẹ̀. Nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, inú epo ni ọ́ìlì wà; bí epo bá dín, ọ́ìlì náà dín nìyẹn, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbígbẹ ra irin.

Bàbá Ìlàjẹ kan ti jókòó sábẹ́ máńgòrò látàárọ̀, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọn ò dá sí wa. Ìgbà yẹn ni wọ́n dìde.

“Ẹ bu omi ọṣẹ wá, kó hó dáadáa.”

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣebí fọ́kànáísà ló kọ́ gbogbo wa: da omi ọṣẹ sí i, ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. A tún ẹ́ńjìnì ṣáná, pòpẹ́là wà nínú omi, jíà ò wọlé. Bàbá ti ìyẹ́ adìẹ bọ ìfóófòó, wọ́n ń fi kan ara kábúrétọ̀ káàkiri. Èmi tẹjú mọ́ ọn, mò ń wá ibi tó máa hó. Kò síbi tó hó.

“Ọmọ mi, táyà kọ́ lèyí. Táyà ń tú afẹ́fẹ́ síta, èyí ń fà á sínú. Má wò ó, gbọ́ ọ.”

Wọ́n kan ẹ̀yìn, níbi tí kábúrétọ̀ ti fẹnu kan ẹ́ńjìnì, nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ìfóófòó náà wọlé fíì, ibẹ̀ gbẹ. Ẹ́ńjìnì húkọ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó tún gbé igbe rẹ̀.

Sípánà 10, nọ́ọ̀tì méjì, kábúrétọ̀ bọ́ sọ́wọ́ wa. Gáásíkẹ́ẹ̀tì, pépà tó ń dí àárín irin méjì, ti ya lápá ibi tí ọṣẹ wọlé yẹn gan-an. Ẹni tó fọ̀ ọ́ ló dá ògbólógbòó padà, ó wá fi gọ́ọ̀mù dí i. Pẹ́tírólù ti jẹ gọ́ọ̀mù náà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó tutù. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìwà ọ̀lẹ ni, torí pépà gáásíkẹ́ẹ̀tì ò wọ́n. Bàbá ní tiwọn tí wọ́n ká sínú ìwé ìròyìn. Wọ́n gbé e lé ojú irin náà, wọ́n ń fi òòlù lu etí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó-kó-kó, títí tí etí irin fi gé pépà fúnra rẹ̀, ihò nọ́ọ̀tì méjèèjì sì yọ roboto. Mi ò rí ẹni tó ṣe é mọ́ níwọ̀n tó bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí mò ń ṣe é jẹun.

A dè é padà, a fa okùn. Ó ṣáná. Ó kú. A tún fà á, ó tún kú.

“Ẹ ti wá bà á jẹ́ pátá!” Ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ lérí.

Bàbá ò dá a lóhùn. Wọ́n kàn nawọ́ sí mi, kí n gbé sukudiráífà fún wọn. Sukúrúù tí gbogbo wa ti tú dànù! Afẹ́fẹ́ olè ló ti ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. A ti wá lé olè lọ, kò sẹ́ni tó di tọ́tù mú. Wọ́n dè é wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnì fi dúró lórí tù-tù-tù tó ṣe é sùn sí. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi í sí jíà. Ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí kó tó fà á. Kọ́! Ọkọ̀ rọra ṣí kúrò bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ.

Iyán ni wọ́n fi san owó iṣẹ́ mi, pẹ̀lú àrọ̀ méjì láàyè nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí. Ọ̀kan fò jáde nínú bọ́ọ̀sì bá a ṣe ń wọ Ìfàkì, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ìyá kan tó ń sùn. Kí n tó rí i mú lábẹ́ ìjókòó, dírẹ́bà ti ní òun máa gba owó ọkọ̀ ẹja.